Ilé àtijọ́ ní Àtàkè àbí yàrá méjì ní ọ̀nà Àjàrá: níbo ni ká ti tọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta?

Ìyá Náfí (ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo máa kọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ilé bàbá ọkọ mi la wà, ní àdúgbò Àtàkè láàrin Àjàṣẹ́. Ọmọ wa obìnrin yóò pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bíi kìlómítà 30 péré ni, ṣùgbọ́n bí mi ò bá tíì wọ ọkọ̀ ní aago mẹ́fà ìdájí, orí afárá ni oòrùn máa bá mi. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi wo ọmọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú.

Nígbà tí mo ṣègbéyàwó wọlé yẹn, ilẹ̀ pupa ni iwájú ilé. Bí òjò bá rọ̀, ọwọ́ la fi ń mú bàtà. Wọ́n ti wá da pàfé, òkúta títẹ́, sí i báyìí, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná ń tàn lójú ọ̀nà lálẹ́. Inú gbogbo wa dùn. Àṣé ẹrẹ̀ yẹn ló ń bá wa dá àwọn zémi, àwọn ọlọ́kadà akérò, dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Náfí tẹ̀ lé adìyẹ jáde lẹ́nu ọ̀nà. Zémi kan yà fún un, ó lọ forí sọ àtẹ ẹja ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ. Orúnkún zémi bó díẹ̀, a sanwó ẹja. Láti ọjọ́ náà, n kò sùn dáadáa mọ́.

Ọkọ mi ra ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Àjàrá, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́, ní 2019. Yàrá méjì ti dúró níbẹ̀, páànù ti wà lórí, kò tíì sí sílíìnì, omi kànga ni. Ó ní ká kó lọ kí ilé ìwé tó wọlé lóṣù kẹsàn-án. Èmi ò mọ èyí tí mo máa ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ níbi méjèèjì, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Àtàkè (10:05 alẹ́)

Ìyá Náfí, ẹ má kúrò níbẹ̀. Àtàkè ni wọ́n bí èmi náà sí, kí iṣẹ́ tó gbé mi lọ sí Kútọnu. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Nígbà tiwa, bí mo bá jí ẹ̀pà jẹ lójúlé kìíní, kí n tó dé ojúlé kejì wọ́n ti mọ̀, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi wọ́n ti nà mí tán. Èdè mẹ́ta ni mo fi ń ṣeré kí n tó mọ̀wé: Yorùbá nínú ilé, Ègùn lọ́jà, Faransé lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń lọ sílé ìwé. Ta ni yóò kọ́ Náfí ní Ègùn láàrin oko àgbàdo?

Ará Ọ̀nà Àjàrá (10:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Àjàrá kì í ṣe oko àgbàdo. Ègùn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pọ̀ ju ti Àtàkè lọ fíìfíì! Ọjà ọrọọrún ibẹ̀ náà, ẹ mú ọmọ lọ sí ìsọ̀ àwọn onílù kẹ́ ẹ wò ó bóyá yóò fẹ́ padà sílé.

Ìyá Náfí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an. Ó di ọdún mẹ́rin tí a ti kó kúrò ní Ògánlá, láàrin Àjàṣẹ́. Àyè wà. Ọmọkùnrin mi kọ́ kẹ̀kẹ́ lórí iyanrìn, ó ṣubú títí ó fi mọ̀ ọ́n, egungun kan ò yẹ̀. A gbin tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀rọ̀ sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n odi ni gbogbo ibẹ̀, ẹnì kan ò sì sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀. Kálukú ra ilẹ̀ tirẹ̀, ó mọ odi yí i ká, ó fi géètì onírin sí i, ó tì í, ó gba Kútọnu lọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ bá ké, ewúrẹ́ ló máa gbọ́. Ó lé lọ́dún kan kí n tó mọ orúkọ ìyá tó bá wa pààlà.

Ọ̀nà ńkọ́? Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, adágún kan máa ń wà láàrin ọ̀nà wa tí a ti ń pè ní ọ̀sà kékeré. Òjò oṣù kẹsàn-án tún máa ń dá a padà. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í dúró de alẹ́ kó tó jẹni. Owó zémi náà: látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí owó kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wọlé, fò sókè, ohun tí mò ń ná sórí ọ̀nà láàárọ̀ àti lálẹ́ ti ń bá owó oúnjẹ dọ́gba.

N kò ní kẹ́ ẹ má wá o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ má rò pé ẹ ń bọ̀ wá sí Párádísè.

Ìyá Náfí (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:12 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àtàkè, ọ̀rọ̀ igba ojú yẹn wọ̀ mí lára, mo bá jókòó lálẹ́ àná, mo ń ka ojú.

Ojúlé mọ́kànlá ló wà nílé wa. Mẹ́ta wà ní títì: onílé kan wà ní Èkó, ọ̀kan ní Gàbọ́ọ̀nù, ọ̀kan kọ́lé sí Ṣèmé. Mẹ́rin làwọn ẹbí fi háyà fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n ń kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n ìdájí ni wọ́n ń jáde, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé, wọn ò mọ orúkọ ọmọ mi. Ojúlé kan ti wó. Ó ku mẹ́ta: àwa, bàbá àgbà kan tí kò ríran mọ́, àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́.

Láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nínú igba ojú, méjì ló kù. Ti ìyá ọkọ mi ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì sì ní ẹbọ́ọ́ta.

Ọmọ Àtàkè (7:50 àárọ̀)

Háà.

Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ n rí nǹkan sọ.

Tíṣà Àná (9:15 àárọ̀)

Ohun tí Ìyá Náfí kà yẹn kì í ṣe tilé wọn nìkan. Nínú ìkànìyàn 2002, ènìyàn 223,552 ló wà ní Àjàṣẹ́. Ní 2013, ó di 264,320. Ṣèmé-Kpójì tó wà láàrin àwa àti Kútọnu gbéra láti 115,238 dé 222,701 láàrin àsìkò kan náà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àwa rọra fi díẹ̀ kún un. Púpọ̀ nínú àwọn tó lọ kọ́lé síbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ìṣirò ní CP, kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ lórí ilé ìwé. Ọdún méjì ni mátánẹ́lì, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, lẹ́yìn rẹ̀ ni CI, kíláàsì àkọ́kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti 2006 ni wọ́n ti yọ owó ilé ìwé ní mátánẹ́lì àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tìjọba, nítorí náà ẹ má fi owó ṣáájú nínú ohun tẹ́ ẹ máa béèrè. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín láago mẹ́wàá àárọ̀, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ ka orí ọmọ tó wà níwájú olùkọ́ kan. Ẹ wò ó bóyá odi yí ilé ìwé ká, nítorí adìyẹ wà níbẹ̀ náà. Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ wọn: bí ihò rẹ̀ bá jẹ́ ti ọmọ CM2 tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní í lọ síbẹ̀, yóò máa mú un mọ́ra títí yóò fi délé tàbí kó ṣe é sára.

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀sán. Bí wọ́n bá jáde láago méjìlá, ẹ̀yin wà ní Kútọnu. Ta ló máa gbà á? Ìbéèrè yẹn lẹ máa kọ́kọ́ dáhùn kẹ́ ẹ tó dáhùn ti Àtàkè tàbí Àjàrá.

Lórí èdè, ẹ bá a sọ Yorùbá. Mo ti rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi Faransé ilé ìdáná bá sọ̀rọ̀ láti ìkókó, kó lè já fáfá. Ó dé CI, kò gbọ́ Faransé olùkọ́, kò sì rí èdè mìíràn tó lè fi sọ pé inú ń run òun. Ọmọ tó bá ti lè pa àlọ́ ní Yorùbá látòkè délẹ̀, kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa kó tó gba Faransé mú.

Oníṣòwò Wàǹdó (10:02 àárọ̀)

Ẹ ń yí ọ̀rọ̀ po. Ìyá Náfí, ẹ ránṣẹ́ sí abúlé, kí wọ́n bá yín mú ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kan wá. Yóò máa wo ọmọ, yóò máa ran ìyá àgbà lọ́wọ́, ẹ̀yin á máa bọ́ ọ, ẹ̀ ń rán nǹkan sí àwọn òbí rẹ̀ lọ́dún Iléyá. Bí gbogbo wa ṣe dàgbà nìyẹn. Ṣé ó wá di nǹkan tí à ń kó ènìyàn jọ lé lórí?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ (11:20 àárọ̀)

Bàbá Wàǹdó, ẹ kú ọjà. Mo fẹ́ fi èyí kọjá, ọwọ́ mi ò jẹ́.

Èmi ni ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Láti abúlé kan nítòsí Ṣábẹ ni wọ́n ti mú mi wá sí Àjàṣẹ́. Wọ́n sọ fún bàbá mi pé màá lọ sílé ìwé. Òótọ́ ni, mo lọ: èmi ni mo ń pọn ọmọ wọn lọ, mo ń bá a gbé àpò dé ẹnu géètì, mo ń padà wá fọ abọ́. Nígbà tí ọmọ wọn dé CE1, kíláàsì kẹta, ó máa ń ka ìwé rẹ̀ sókè lálẹ́, èmi á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ABD. Ọjọ́ kan, ọmọ náà ṣubú nínú àgbàlá nígbà tí mò ń pọnmi. N kò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè wo ọmọ ọdún mẹ́ta. Òun náà rí adìyẹ yẹn, ó fẹ́ tẹ̀ lé e.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ máa rí wọn ní mọ́sáláṣí. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe mí.

Tíṣà Àná (11:34 àárọ̀)

Ọmọ mi, o kú ìrántí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀: vidomègon làwọn Fọn ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin wa lórí ọmọdé, nọ́ńbà 2015-08 ti oṣù kejìlá 2015, kò fààyè gba ká gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ká sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Kó tiẹ̀ tó di ti òfin, ẹ tún ka ohun tó kọ.

Oníṣòwò Wàǹdó (12:48 ọ̀sán)

Mo ti kà á. Mo fà ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi tí mo fẹ́ lọ bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Alákétu (2:10 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí ìyá tó bí Ìyá Náfí bá wà lábúlé tàbí ní ìlú kékeré, ẹ gbé ọmọ lọ síbẹ̀ títí yóò fi tó CI. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Kétu ni mo wà títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, mo sì mọ ohun tó fi sí mi lára. Mo mọ ojú orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí n tó mọ orúkọ ààrẹ. Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ni a ti ń ṣeré bojúbojú. Kò sí ẹni tó ń sáré.

Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, n kò gbọ́ Ègùn rárá, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín fún ọdún kan gbáko. Ó kọjá.

Ìyá Náfí (2:44 ọ̀sán)

Bùọ̀dá, ẹ ṣeun. Pọ́bẹ̀ ni ìyá mi wà, wọ́n sì ti béèrè ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni n kò lè ṣe é. Alẹ́ nìkan ni mo ń rí i báyìí, mo ń bá a sùn, ó ń tì mí lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Bí ẹ bá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi, kí ni mò ń ṣe ní Kútọnu?

Zémi Ọ̀nà Ọjà (4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má bínú, èmi náà wà lára àwọn tẹ́ ẹ ń bú. Mo fi ẹ̀gbọ́n tó bó lórúnkún yẹn ṣe ara mi.

A kì í sáré torí pé orí wa dàrú. Owó tí mo gbọ́dọ̀ fà lé ẹni tó ni ọ̀kadà lọ́wọ́ ní gbogbo alẹ́ kò mọ̀ pé ọmọ ń lé adìyẹ. Pàfé dára, ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí i lára, ó ń yọ̀ bí ilá. Kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì tó ọ̀la, ọ̀kadà á ṣì máa lọ. Nǹkan mìíràn ni pé a kì í rí ọmọ. Àtẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ẹrù wà níbẹ̀, àgbá omi wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kúrú ju gbogbo wọn lọ. Ìgbà tó bá yọ ni a máa rí i, ó sì ti pẹ́ jù.

Ẹ bẹ ìyá ẹlẹ́ja kó sún sí apá kejì gọ́tà. Ẹ kó àgbá kúrò. Kẹ́ ẹ kó ara yín jọ lọ bá ṣẹ́ẹ̀fù kàtíè, olórí àdúgbò, lórí dódáànù, òkè kékeré ojú ọ̀nà tó ń dín eré ọkọ̀ kù. Ẹ má lọ ní ẹnì kan o, ẹ lọ ní ogún, kẹ́ ẹ mú àwọn ìyá àgbà síwájú. Àdúgbò tí mò ń gbé, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ó gbà wọ́n lóṣù mẹ́fà.

Àti nígbà tẹ́ ẹ bá gbé Náfí gun zémi: ẹ̀yin lẹ́yìn, ọmọ láàrin, kẹ́ ẹ dì í mú. Bí onízémi kan bá ní kẹ́ ẹ gbé e sórí táǹkì níwájú òun, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ará Ọ̀nà Àjàrá (5:01 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́nà. Zémi tó ń kọ Yorùbá tó mọ́ tó báyìí, ẹ fún wa ní ìlà yín, ẹ máa gbé wa!

Ọmọ Àtàkè (8:20 alẹ́)

Mo ti ronú láti àárọ̀. Mo gbà pé ilé yẹn kì í ṣe ilé tí mo mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìlú náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé aṣòfin tuntun fún wa ní 2021, Francis Kéré ará Bùrùkínà ló yàwòrán rẹ̀ bí igi tí wọ́n ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fódún. Ó dára, mo ń fi fọ́tò rẹ̀ yangàn ní Kútọnu. Ìbéèrè mi ni pé níbo ni ọmọ ọdún mẹ́ta ti máa jókòó sílẹ̀ bu iyanrìn? Àwọn gbàgede ìdílé tó wà láàrin àwọn agbo ilé, tí àwọn Ouadada, ẹgbẹ́ àṣà kan níbí, ti tún díẹ̀ ṣe nínú wọn, ibẹ̀ ló kù. Igi wà, òjìji wà, ọ̀kadà kì í gba àárín rẹ̀. Ẹ kàn béèrè ọjọ́ tí Zàngbétọ̀, eégún àwọn Ègùn, máa jáde, kẹ́ ẹ wọlé nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọlé.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ gbé e lọ sí Songhaï, oko ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Wàǹdó. Láti 1985 ni Bàbá Nzamujo ti dá a sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀, ẹja wà nínú adágún. Adìyẹ náà pọ̀ níbẹ̀, kó lé e títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ (8:41 alẹ́)

Ìyá Náfí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà?

Ìyá Náfí (9:03 alẹ́)

Rárá.

Màá béèrè.

Ìyá Náfí (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n ní bí a bá ń lọ, ká máa lọ, àwọn ò lè sùn níbi tí àwọn ò ti gbọ́ ìpè àsùbáà. Mo ní mọ́sáláṣí wà ní Àjàrá. Wọ́n ní kì í ṣe ohùn yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún wa rí: pé àwọn ò lè sáré tẹ̀ lé ọmọ mọ́, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́, àwọn rò pé a máa ní àwọn ò wúlò mọ́.

A ò tíì kó. Ọkọ mi ń bá sílíìnì lọ díẹ̀díẹ̀. Náfí máa wọ mátánẹ́lì nítòsí wa. Mo lọ síbẹ̀ láago mẹ́wàá bí Tíṣà ṣe sọ, ilé ìyàgbẹ́ kékeré wà, ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ díẹ̀ níwájú olùkọ́. Ní ti ọ̀sán, mo bá ìyàwó àbúrò ọkọ mi sọ ọ́. Yóò máa padà láti ọjà láago méjìlá ààbọ̀, màá máa fún un lówó ohun tí kò bá tà. A kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹbí má baà bà á jẹ́.

A lọ bá ṣẹ́ẹ̀fù kàtíè, a jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó gba ìwé lọ́wọ́ wa, ó ní òun máa gbé e lọ sókè. Dódáànù kò tíì sí. Ìyá ẹlẹ́ja ti sún.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi, ó kan ilẹ̀kùn kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, tó dé àyà mi, adìyẹ lè gba abẹ́ rẹ̀, ọmọ ò lè gbà á. Ọjọ́ kejì, Náfí fa àpótí ìyá àgbà síbẹ̀, ó gùn ún, ó ṣí i.

Ará Ọ̀nà Àjàrá (lọ́jọ́ kan náà)

Ẹ fi ìkọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, lápá ìta, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tó o. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn.

Ìyá Náfí

A ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà náà ò tó o mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ kírun, Náfí ni wọ́n ń pè kó bá wọn gbé àpótí wá.